Ọgbọ́n Wo Ni Ká Fi Rajà? Àgbéyẹ̀wò Èrò Tó Wà Nílẹ̀ Lórí Owó Ọjà

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní May 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ owó ọjà ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ní gbogbo ilé. Àjọ NBS, tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, sọ pé nínú gbogbo owó tí àwọn ilé ná ní Nàìjíríà ní 2019, ohun tó lé ní ìdá 56 nínú 100 ló bá oúnjẹ lọ. Nígbà tó fi máa di June 2024, àjọ yìí kan náà ní owó oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú 100 ga ju ti June 2023 lọ. Ilé tó bá ń ṣi oúnjẹ rà kò ṣi nǹkan kékeré rà. Ibi tí owó rẹ̀ pọ̀ sí jù ló ti ń jò.

Ìmọ̀ràn ò sì wọ́n. Ẹnìkan á ní àpò ni ká máa rà, ẹlòmíràn á ní kóńgò. Ẹnìkan á ní ká ná ọjà títí ẹsẹ̀ á fi ro wá, ẹlòmíràn á ní ká mú oníbàárà kan ṣoṣo. Àwọn kan fọkàn tán tòkunbọ̀, àwọn kan fọkàn tán fóònù wọn, àwọn kan sì ní òfin ni ká lọ kọ́. Òótọ́ wà nínú gbogbo rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òótọ́ fún gbogbo èèyàn. Ohun tí mo máa bi èrò kọ̀ọ̀kan níhìn-ín ni pé: èèyàn wo ló lè lò ó, fún ọjà wo? Mo tẹnu mọ́ ìbéèrè yìí torí pé ọ̀pọ̀ nínú ìmọ̀ràn tó wà nígboro ló ti gbà lọ́kàn pé owó wà nílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń gbà níyànjú, bẹ́ẹ̀ owó ọ̀hún gan-an ni kò sí.

Ra púpọ̀, rà á lásìkò

Àwọn tó wà lẹ́yìn èrò yìí pọ̀, àlàyé wọn sì tètè ń yé èèyàn. Ẹni tó ra àpò ìrẹsì 50 kg kò ní san èrè alágbàtà tó ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n, kò sì ní wọkọ̀ lọ sọ́jà ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Láti ìgbà tí epo ti wọ́n, owó ọkọ̀ yìí kúrò ní ohun tí a lè fojú fò.

Apá kejì èrò náà ni àsìkò. Epo pupa máa ń pọ̀ láàárín February sí May nígbà tí ẹyìn ń pọ́n, ó sì máa ń wọ́n bí ọdún bá ń lọ sópin. Iṣu tuntun ń jáde láti July lọ; ẹni tó bá ń wá iṣu ní May tàbí June, ìyókù ti ọdún tó kọjá tó ti ń hù ló máa bá lórí àtẹ. Tòmátò tó ń ti Kano àti Kaduna wọ Mile 12 ní Èkó máa ń gbówó lórí nígbà òjò, nítorí pé àkókò ẹ̀rùn ni wọ́n ń fi omi adágún gbin èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ bí ọdún ṣe ń yí lórí ọjà kọ̀ọ̀kan á ra epo rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì ní April, kò sì ní bá wọn du ti December.

Ìwádìí wà tó gbè wọ́n lẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé Marshall Burke, Lauren Bergquist àti Edward Miguel tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2019 lórí àgbàdo ní Kenya. Wọ́n rí i pé àwọn àgbẹ̀ ń ta àgbàdo wọn lówó pọ́ọ́kú lásìkò ìkórè, torí gbèsè àti owó ilé ìwé ọmọ, tí wọ́n á tún wá ra àgbàdo lówó gọbọi ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ rí owó yá lásìkò ìkórè, wọ́n fi àgbàdo pamọ́, wọ́n sì jèrè. Àwọn àgbẹ̀ náà mọ àsìkò ọjà dáadáa tẹ́lẹ̀. Owó tí wọ́n á fi dúró de àsìkò náà ni wọn ò ní.

Ibi tí èrò yìí ti ń mì ni ìpamọ́. Kòkòrò ẹ̀wà ti máa ń yé ẹyin rẹ̀ sára ẹ̀wà láti oko, nítorí náà ẹni tó ra àpò ẹ̀wà ti ra kòkòrò mọ́ ọn. Gààrí tí kò gbẹ dénú á bu. Àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS wà fún ẹ̀wà, kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kòkòrò inú rẹ̀ á sì kú láìlo oògùn kankan. Ó yẹ kí gbogbo ilé tó ń ra ẹ̀wà lápò ní in. Oògùn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò dípò rẹ̀. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti ń kìlọ̀ léraléra nípa oògùn apakòkòrò dichlorvos tí àwọn kan ń fín sí ẹ̀wà, ó sì gbégi dínà títa ìgò kékeré rẹ̀ ní 2019. Owó tí a dín kù lórí àpò ẹ̀wà kò tó owó ilé ìwòsàn.

Ti ẹran àti ẹja tún le. Ní April 2024, owó iná àwọn tó wà ní ìpele A, tí wọ́n ń fún ní iná jù, fò láti bíi náírà 68 dé 225 lórí yúnìtì kan. Àwọn tó wà ní ìpele ìsàlẹ̀ ò san tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ iná wọn kì í pẹ́ kó tó lọ. Ẹni tó fẹ́ fi firísà pa ẹran mọ́ gbọ́dọ̀ ka owó iná mọ́ owó ẹran, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìṣirò rẹ̀ kò tíì parí.

Ra ìwọ̀nba tí o máa sè

Àwọn olówó máa ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ń ra ìrẹsì dẹ́ríkà kan àti òróró inú ọ̀rá bí ẹni pé kò mọ ìṣirò. Ẹ̀sùn yìí ò tọ́. Ẹni tó ń gba owó òòjọ́, bí ọlọ́kadà, alábàárù tàbí lébìrà, kì í rí owó àpò lójú kan. Bó bá tiẹ̀ rí i, kíkó gbogbo rẹ̀ sórí ìrẹsì túmọ̀ sí pé kò ní sí nǹkan kan nílẹ̀ bí ọmọ bá ṣàìsàn lọ́jọ́ kejì. Owó inú àpò rẹ̀ ni ààbò rẹ̀. Ohun tí a bá sì rà díẹ̀ kì í bàjẹ́ síni lọ́wọ́, kì í sì í tètè tán bí èyí tó bá pọ̀ nílẹ̀ lójú ọmọ àti àlejò.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá mọ èyí, òun ni wọ́n fi sọ mílíìkì, tòmátò, ọṣẹ ìfọṣọ àti òróró di oní-sáṣẹ́ẹ̀tì. Sáṣẹ́ẹ̀tì jẹ́ kí ohun tí ọwọ́ òtòṣì kò lè tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́sẹ̀ kan náà, bí a bá fi ìwọ̀n gíráàmù pín owó rẹ̀, ó sábà máa ń wọ́n ju ti agolo ńlá lọ. Kì í sì í ṣe ní ilẹ̀ wa nìkan ni òtòṣì ti ń sanwó jù. Yesim Orhun àti Mike Palazzolo fi bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ra pépà ìnùdí hàn nínú ìwádìí wọn ní 2019: àwọn tí owó wọn kéré kì í lè ra èyí tó pọ̀ pa pọ̀, kì í sì í ṣeé ṣe fún wọn láti dúró de ìgbà ẹ̀dínwó.

Àléébù tó burú jù nínú ríra díẹ̀díẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Kóńgò ọjà kan kì í bá ti ọjà kejì dọ́gba. Ìdí kóńgò míì ti wọnú, òmíràn ni wọ́n ti fi nǹkan dí nísàlẹ̀, ọwọ́ tí olùtajà fi bò ó lórí náà sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Òfin òṣùwọ̀n ti wà ní Nàìjíríà láti 1974, ẹ̀ka kan sì wà ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí okòwò tó yẹ kó máa yẹ òṣùwọ̀n wò. Lójú àtẹ ọjà, agbára òfin yẹn ò hàn. Ẹni tó ń fi owó wé owó láàárín ọjà méjì láìfi kóńgò wé kóńgò ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ẹni tó bá lè mú kóńgò tirẹ̀ lọ́wọ́, tàbí tó lè wọn ẹ̀wà náà wò lẹ́ẹ̀kan sórí ìwọ̀n nílé, á mọ ọjà tó ń rà ní tòótọ́.

Ná an, tàbí kí o mú oníbàárà

Èyí ni àríyànjiyàn tó pẹ́ jù, òun náà ló ń wù mí jù láti yẹ̀ wò. Ìhà kan gbà pé olùtajà kì í fi iye tó máa gbà bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tí kò bá nájà ń san ju iye tí olùtajà ṣe tán láti gbà. George Stigler, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1961 pé wíwá iye ọjà kiri náà ní iye tirẹ̀: èèyàn á máa béèrè títí dé ibi tí ìsọ̀ tó kàn kò ti ní lè dín owó tó tó ìnira tó bá a dé. Fún firiji tàbí aṣọ òkè ìgbéyàwó, ìsọ̀ márùn-ún kò pọ̀ jù. Fún ata igba náírà, méjì ti tó.

Ìhà kejì ní oníbàárà ni ká ní. Clifford Geertz, tó ṣe ìwádìí nínú ọjà Sefrou ní Morocco, kọ̀wé ní 1978 pé nínú ọjà tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ iye nǹkan dájú, àwọn èèyàn máa ń yan olùtajà kan láàyò, wọ́n á máa padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn tàbí Ọjà Ọba Àkúrẹ́ mọ ohun tí Geertz ń sọ. Oníbàárà á rí èènì gbà, wọn á fi èyí tó dára pamọ́ dè é, wọn á sọ fún un pé kó má ra ẹja òní, bówó bá sì ká a lọ́wọ́ kò, wọn á tà á fún un láwìn. Fún ohun tí ojú kò lè rí dénú rẹ̀, bí ẹran, ẹja gbígbẹ tàbí epo pupa tí wọ́n lè ti po nǹkan mọ́, mo gbà pé oníbàárà lérè ju ìnájà lọ.

Àìdáa rẹ̀ ni pé oníbàárà tí kì í yà sí ìsọ̀ míì mọ́ kò ní mọ ìgbà tí owó rẹ̀ bá ti ga ju ti àdúgbò lọ. Ìnájà náà kì í sì í ṣe bákan náà fún gbogbo èèyàn. Wọ́n ń wo ẹni tó ti inú mọ́tò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ohùn ẹni tó ti òkè òkun dé, wọ́n á sì gbé owó rẹ̀ sókè ṣáájú kó tó lanu. Ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ láàárọ̀ lè rí ẹ̀dínwó gbà, torí pé olùtajà kì í fẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ lọ lọ́wọ́ òfo.

Àwọn kan ti sá kúrò nínú gbogbo èyí lọ sí ilé ìtajà ìgbàlódé níbi tí iye ti wà lára ọjà. Ara máa ń rọ̀ wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n iye ara ọjà náà kò tó ẹ̀rí. Ní February 2024, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ilé ìtajà ńlá kan pa ní Abuja nítorí iye tí wọ́n kọ sára ọjà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń gbà níbi ìsanwó. Kí a wo rìsíìtì kí a tó jáde, ìyẹn ò ná wa ní nǹkan kan.

Ohùn kẹta wà tó yẹ ká gbọ́. Onímọ̀ kan, Herbert Simon, kọ̀wé ní 1956 pé èyí tó bá ti dára tó ni èèyàn máa ń mú, onímọ̀ míì, Barry Schwartz, sì sọ nínú ìwé rẹ̀ ní 2004 pé ẹni tó ń wá èyí tó dára jù nínú gbogbo ọjà kò ní simi. Fún ìyá tó ń ṣiṣẹ́, tó tún ń lọ sọ́jà, tó tún ń dáná, ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn onímọ̀ràn ṣe ń kà á sí lọ.

Ká jọ rà á, tàbí ká gbà á láwìn

Àjọrà ń gbìyànjú láti fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré ní iye àpò. Èèyàn méjì mẹ́ta á dáwó ra àpò kan, wọ́n á pín in. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí òfin rẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti 1935, ń ra ìrẹsì àti òróró fún ọmọ ẹgbẹ́ kí ọdún tó dé, wọ́n á sì máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù. Àwọn Mùsùlùmí ti mọ irú rẹ̀ tipẹ́: èèyàn méje lè pa owó pọ̀ ra màlúù kan fún Iléyá. Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo yẹ̀ wò, èyí ló sún mọ́ ìdáhùn fún aláìlówó jù. Ìṣòro rẹ̀ ni èèyàn: ta ló máa lọ rà á, ta ló máa san owó ọkọ̀, ta ló máa gbé ẹ̀bi bí ẹ̀wà bá kún fún kòkòrò, kí ni ká ṣe fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì pé? Ẹgbẹ́ tí kò bá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ṣáájú kì í pẹ́ tú.

Àwìn ti wà tipẹ́ ṣáájú fóònù. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti onígbèsè. Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù ló gba ipò wọn báyìí, àṣejù wọn nínú dídójú ti èèyàn sì pọ̀ débi pé FCCPC ní láti gbé ìlànà jáde fún wọn ní 2022. Àwìn lérè fún ohun tó máa mú owó wọlé, bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Fún oúnjẹ tó máa tán kí gbèsè tó tán, ó léwu.

Tuntun, tòkunbọ̀ àti ayédèrú

George Akerlof, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, fi ọ̀rọ̀ mọ́tò àlòkù ṣàlàyé ní 1970 pé níbi tí olùtajà ti mọ àléébù ọjà tí olùrà kò mọ̀, ọjà burúkú á lé ọjà rere jáde. Síbẹ̀, tòkunbọ̀ kò kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àlòkù ojúlówó sàn ju tuntun tó jẹ́ ayédèrú lọ. Èrò yẹn mọ́gbọ́n dání fún aṣọ àti àga. Kò mọ́gbọ́n dání fún táyà. Òfin kò gba kíkó táyà àlòkù wọ Nàìjíríà, ó sì kún ìgboro. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára táyà tó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Táyà tí wọ́n kọ 2319 sí, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà ń gbó bí kò tiẹ̀ rìn rárá, nítorí náà dídán ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan.

Fún oògùn, kò sí àyè ìdúnàádúrà. Kí èèyàn wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán. Bí nọ́ńbà ìbòmọ́lẹ̀ bá wà lára rẹ̀, kó họ ọ́, kó fi ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀. Oògùn tó pọ́ọ́kú ju ti gbogbo àdúgbò lọ ló yẹ kó kọ́kọ́ bà wá lẹ́rù.

Orí fóònù

Ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní 2012, lẹ́yìn wọn ni àìmọye olùtajà orí WhatsApp àti Instagram dé. Fóònù ti dín ìnira wíwá iye ọjà kiri kù gan-an. Ohun tí kò lè ṣe ni kó fọwọ́ kan ọjà fún wa. Ọ̀rọ̀ ìyìn tí àwọn tó ti rà á kọ sábẹ́ ọjà náà kò ṣeé gbára lé pátápátá. Irọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé ní 2024, ìjọba Amẹ́ríkà gbé òfin jáde tó ka irú ìyìn èké bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ẹni tó bá lè sanwó lẹ́yìn tó ti rí ọjà ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Jẹ́ kí òfin gbè ọ́

Òfin FCCPC, tí ààrẹ buwọ́ lù ní January 2019, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti mọ iye ọjà, láti yẹ̀ ẹ́ wò, láti gba rìsíìtì, láti mọ̀ bó bá jẹ́ àlòkù, àti láti dá ohun tó ní àléébù padà kó sì gba owó rẹ̀. Ìkìlọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri pé àwọn kì í dá owó padà lẹ́yìn ìsanwó kò lè pa ẹ̀tọ́ yìí. Ní Britain, òfin 2015 tiẹ̀ ka ọjọ́ fún oníbàárà: 30 ni láti dá ọjà tó ní àléébù padà, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ sì ń lò ó láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Àìlera ọ̀nà yìí ni pé òfin ń tẹ̀ lé rìsíìtì. Ìyálọ́jà tó ń ta ata kì í kọ rìsíìtì, ẹni tó ra ata ẹgbẹ̀rún kan náírà kò sì ní gbé ẹjọ́ lọ sí Abuja. Níbi tí àwọn èèyàn wa ti ń ná owó wọn jù ni òfin ti jìnnà sí wọn jù. Àwọn ìjọba kan gba ọ̀nà míì: Èkó bẹ̀rẹ̀ Ounjẹ Èkó ní March 2024, níbi tí wọ́n ti ta oúnjẹ pẹ̀lú ẹ̀dínwó 25 nínú 100 lọ́jọ́ Sunday. Ó ran àwọn tó ráyè tò lọ́wọ́.

Ohun tí kò tíì yanjú

Àkọ́kọ́ ni ti ìpamọ́. Nínú ìwádìí Kenya tí mo mẹ́nu bà, níbi tí àwọn tó fi àgbàdo pamọ́ ti pọ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó ìkórè àti owó ìgbà ọ̀wọ́n dín kù, àwọn tí kò gba owó ìyáwó pàápàá sì jẹ nínú àǹfààní rẹ̀. Ní February 2024, ìjọba wa ń dá àwọn tó ń kó oúnjẹ pamọ́ lẹ́bi ọ̀wọ́n gógó. Àpò mélòó nínú ilé ló jẹ́ ọgbọ́n, mélòó ló di ìnilára? Òfin kò sọ, àwọn onímọ̀ kò sì fẹnu kò.

Òmíràn ni ti òṣùwọ̀n. Bí a bá gbé ìwọ̀n kílò wọ gbogbo ọjà lọ́la, ṣé aláìlówó á jèrè, àbí olùtajà á kàn fi èrè tó ń rí lára kóńgò kún owó kílò? Ẹnikẹ́ni ò lè fi ìdánilójú dáhùn títí tí ọjà kan á fi gbìyànjú rẹ̀ tọkàntọkàn, tí wọ́n á sì ṣe ìṣirò rẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àkókò. Gbogbo ọ̀nà tí mo tò sókè yìí ló ń jẹ wákàtí: wákàtí ìnájà, ti ìpín àpò, ti títò fún ẹ̀dínwó, ti ṣíṣa kòkòrò lára ẹ̀wà. Àwọn obìnrin ló ń san èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì wọ inú ìṣirò owó ilé kankan. Bí a bá kà á mọ́ ọn, bóyá sáṣẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí ilé ló máa pọ́ọ́kú jù fún ẹlòmíì, bóyá kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tó máa wọn wákàtí yẹn nínú àwọn ọjà wa ló lè sọ ọ́.